Ṣé kí n pa gbogbo koríko abẹ́ àgbọn mi, kí n gbin oríṣi kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Aradagun ní Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo ní éékà kan tí igi àgbọn wà lórí rẹ̀, àgùntàn mọ́kànlá sì ń jẹ̀ lábẹ́ wọn. Oríṣiríṣi koríko ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta irúgbìn ní kí n fín oògùn pa gbogbo wọn, kí n gbin koríko Brachiaria nìkan, kí n sì máa da ajílẹ̀ yúríà sí i lọ́dọọdún. Àbúrò mi ní kí n má dán an wò, pé bí oríṣi koríko bá ṣe pọ̀ tó ni kábọ́ọ̀nù ṣe ń pọ̀ nínú ilẹ̀, pé ó tilẹ̀ ṣeé tà fún àwọn òyìnbó. Yanrìn lásán ni ilẹ̀ mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilẹ̀ o. Ẹ má tíì ra oògùn náà. Mo ní kí n tètè sọ èyí ṣáájú àlàyé, nítorí òjò àkọ́rọ̀ ti ń kù bọ̀, àsìkò yìí gan-an sì ni àwọn tó ń ta irúgbìn àti oògùn máa ń rìn kiri abà. Nínú àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló súnmọ́ òtítọ́ jù, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ káàtó. Kì í ṣe iye orúkọ koríko tí ẹ lè kà lórí ilẹ̀ ló ń mú ilẹ̀ sanra. Irú èyí tó wà níbẹ̀ ni, àti ohun tí gbòǹgbò wọn ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ti owó òyìnbó yẹn, n óò dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù máa ń dún létí bí ohun tí kò kan àgbẹ̀. Ó kàn yín. Tí igi bá jó tó di èédú, kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú ohun dúdú tó ṣẹ́kù yẹn. Inú afẹ́fẹ́ ni ewé ti ń mú un: afẹ́fẹ́ tí àwa àti àgùntàn ń mí síta ni ewé ń fà wọlé, tí yóò fi agbára oòrùn sọ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà yẹn ló sì ń di ewé, pòpórò, gbòǹgbò, àti èso àgbọn tí ẹ ń ká. Nígbà tí ewéko bá kú tó jẹrà, púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ á padà sínú afẹ́fẹ́, díẹ̀ á kù sínú erùpẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ti kó jọ láti ayébáyé, débi pé kábọ́ọ̀nù tó wà nínú erùpẹ̀ ayé lónìí ju ti inú afẹ́fẹ́ àti ti ara gbogbo ewéko pa pọ̀ lọ. Òun ló ń sọ ilẹ̀ di dúdú. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n wò ó títí tí wọ́n ní "ilẹ̀dú nìyí", kábọ́ọ̀nù ni ojú wọn ń rí.

Bí ó ṣe ń kù sínú erùpẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ni pé ewé àti pòpórò tó bá ṣòro láti jẹrà ló ń di ọ̀rá ilẹ̀. Ìwádìí ti yí ìyẹn padà. Gbòǹgbò tó wà láàyè kì í mu omi nìkan. Òun náà ń sun omi dídùn sínú erùpẹ̀ tó yí i ká, bí ẹmu ṣe ń sun láti ara ọ̀pẹ. Àwọn ẹ̀dá àìfojúrí ló ń mu ún: bakitéríà, àti àwọn olú tí okùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú aláǹtakùn lọ. Erùpẹ̀ gíráàmù kan, ìyẹn èyí tí ẹ lè fi ìka méjì mú, lè ní bakitéríà tó tó bílíọ̀nù kan. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bí, wọ́n ń kú, láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òkú wọn àti gọ́ọ̀mù tí ara wọn ń pọ̀ jáde ló ń lẹ̀ mọ́ ọkà erùpẹ̀, tó ń so ó pọ̀ di ògúlùtu kéékèèké, ibẹ̀ sì ni kábọ́ọ̀nù ń sá pamọ́ sí. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ pápá koríko kárí ayé fojú bù ú pé, nínú erùpẹ̀ òkè, nǹkan bí ìlàjì kábọ́ọ̀nù náà ló jẹ́ òkú àwọn ẹ̀dá yìí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé. Gbòǹgbò ni ìyá tó ń dáná fún agbo ilé ńlá kan lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Oògùn tó bá pa gbogbo koríko lọ́jọ́ kan, gbogbo ààrò ló pa iná rẹ̀. Agbo ilé náà á kọ́kọ́ jẹ òkú gbòǹgbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, lẹ́yìn ìyẹn ebi á wọlé dé. Lórí ilẹ̀ amọ̀, ilẹ̀ lè fara da irú ìyàn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lórí yanrìn, kò sí àpò tó ti fi oúnjẹ pamọ́ sí.

Kí wá ni oríṣiríṣi ewéko fi dára ju ẹyọ kan lọ? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kóoko ìgbá ń tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sítòsí òkè, ó ń gba omi òjò kí ó tó sá wọlẹ̀. Gínì gíráàsì ń sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtìlì ń wá omi ní ibi tí koríko kò dé, ìdí nìyẹn tó fi ń tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ti pọ́n. Tó bá jẹ́ koríko kan ṣoṣo ló wà, gbòǹgbò gbogbo á kóra jọ sí ibì kan náà, wọ́n á jọ jà sí omi kan náà, wọ́n á sì jọ sùn ní oṣù kan náà. Ní Àgbádárìgì, oṣù yẹn ni láti December lọ títí di March. Oṣù mẹ́ta mẹ́rin tí kò sí ẹni tó dáná! Ṣùgbọ́n níbi tí oríṣiríṣi wà, ẹnì kan á máa jí nígbà tí ẹnì kejì ń sùn. Oúnjẹ tí wọ́n ń sun náà kò sì dọ́gba, àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ ẹ́ kò lè dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé ìsàlẹ̀ ṣe ń gbòòrò.

Ohun kan tún wà tí gbogbo ẹni tó ti gbin tòmátì rí mọ̀. Tí ẹ bá gbìn ín lójú kan náà lọ́dọọdún, àrùn á mọ ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti koríko. Èbu àti aràn tín-ín-rín tó ń jẹ gbòǹgbò irú koríko kan á máa pọ̀ sí i níbi tí kò ti sí òmíràn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan koríko tó ń ta gìrì tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rí ohun tó ṣe é. Níbi tí aládùúgbò rẹ̀ bá jẹ́ irú mìíràn, kòkòrò yẹn ò ní tètè rí ilé tó kàn.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ẹbí ẹ̀wà ni n óò mú. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, òtìlì, agunmániyè, stylo àti centro tí a ń gbìn fún ẹran ọ̀sìn, àti patanmọ́ tó ń gún yín lẹ́sẹ̀ yẹn, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn bakitéríà kan ń kọ́ ilé sí ara gbòǹgbò wọn, wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá fún ewéko, ewéko náà ń fi ṣúgà san án padà fún wọn. Ìdí tí èyí fi kan kábọ́ọ̀nù ni pé àwọn ẹ̀dá àìfojúrí kò lè fi ṣúgà nìkan kọ́ ara. Ara wọn nílò nǹkan bí ìwọ̀n náítírójìn kan sí kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Koríko gbígbẹ lè ní kábọ́ọ̀nù tó ju àádọ́ta lọ sí náítírójìn kan. Ẹ fún wọn ní koríko nìkan, wọ́n á dà bí ọmọ tí a ń fi ẹ̀kọ lásán bọ́ láìsí ẹ̀wà: inú ń kún, ara kò yọ. Wọ́n á jó èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù náà dànù bí èémí, díẹ̀ ni yóò di ara wọn. Tí ẹbí ẹ̀wà bá wà níbẹ̀, ara á yọ, òkú tó máa lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á sì pọ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ fi ọkọ́ hú patanmọ́ kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀, ẹ má fà á tu, nítorí ohun tí a ń wá á já kù sílẹ̀. Ẹ ṣan yanrìn kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ óò rí kókó kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ ìkòṣù. Ẹ fi èékánná là á. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹran tútù, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Bí ó bá funfun tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́ tàbí ó ti darúgbó. Lẹ́yìn náà ẹ hú ìdí koríko kan pẹ̀lú, ẹ wo bí yanrìn ṣe lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ yíká bí ìbọ̀sẹ̀. Irun gbòǹgbò àti gọ́ọ̀mù tí mo sọ lókè ló dì í mú. Mo ti fi ìbọ̀sẹ̀ yanrìn yìí han àwọn àgbẹ̀ ní etíkun yín, mo sì ti rí àgbàlagbà tó fi ogójì ọdún ro ilẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ láti wò ó dáadáa.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn? Ibi tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Cedar Creek, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, nítorí yanrìn tálákà ni ilẹ̀ ibẹ̀, bíi tiyín. Ní 1994, onímọ̀ ewéko kan, David Tilman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ilẹ̀ sí pẹpẹ onímítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, wọ́n gbin ewéko kan ṣoṣo sí àwọn kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ tàbí 16 sí àwọn yòókù, wọ́n sì ń tu èyí tí wọn kò gbìn kúrò. Wọn kò da ajílẹ̀ kankan sí i. Lẹ́yìn ọdún 12, Tilman àti Dario Fornara wọn kábọ́ọ̀nù tó ti wọlé: àwọn pẹpẹ tí ewéko wọn pọ̀ jù ti kó tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tí àwọn pẹpẹ ewéko kan kó, tí a bá pín ti àwọn yẹn dọ́gba. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ibi tí koríko tó fẹ́ràn oòrùn gbígbóná àti ẹbí ẹ̀wà ti jọ wà pọ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, gbòǹgbò ibẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Irú koríko yẹn náà ni gínì gíráàsì yín. Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún "ìlọ́po mẹ́fà" yìí o. Ìlọ́po ohun kékeré ni. Ẹni tó ní náírà kan tó di náírà mẹ́fà kò tíì di olówó.

Ibi kejì ni Jena ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 2002 lórí ilẹ̀ etí odò tó ti jẹ́ oko tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ewéko 60. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ nípa agbo ilé abẹ́ ilẹ̀: níbi tí ewéko ti pọ̀, oúnjẹ tó ń ti ara gbòǹgbò jáde pọ̀, àwọn ẹ̀dá àìfojúrí ń ṣiṣẹ́ ju ti ibòmíràn lọ, kábọ́ọ̀nù sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ronú yóò béèrè pé, bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn kò ní jẹ kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ tán ni? Wọ́n ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ ju ohun tí wọ́n ń wó lọ. Ohun tí mo tún ń tọ́ka sí nínú iṣẹ́ Jena fún àwọn àgbẹ̀ ni pé kò yá. Ọdún mélòó kan kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín kí ìyàtọ̀ tó hàn lára àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀. Ilẹ̀ máa ń rántí ohun tí a ti ṣe fún un tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń ta irúgbìn fún yín lè sọ pé ilẹ̀ òtútù ni gbogbo ìyẹn. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ olóoru nígbà náà, kí n sì ṣe ẹ̀tọ́ fún Brachiaria rẹ̀, nítorí koríko náà kì í ṣe koríko burúkú. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti wá. Ní 1994 yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá Kòlóńbíà kéde pé Brachiaria àti àwọn koríko Áfíríkà mìíràn tí a gbìn síbẹ̀ ń kó kábọ́ọ̀nù jìnnà sínú ilẹ̀, nítorí gbòǹgbò wọn jìn ju ti koríko ìbílẹ̀ ibẹ̀. Nítorí náà, koríko kan tó dára lè ṣe rere fún ilẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: níbi tí wọ́n ti gbin Brachiaria pọ̀ mọ́ Arachis pintoi, ìbátan ẹ̀pà tó ń tàn kálẹ̀ lórí ilẹ̀, kábọ́ọ̀nù tó kó jọ pọ̀ fíìfíì ju ti Brachiaria nìkan lọ. Ẹyọ ìbátan ẹ̀pà kan péré ni wọ́n fi kún un.

Èyí ló fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti kù díẹ̀. Láti orí ewéko kan sí méjì, sí mẹ́rin, èrè náà máa ń fo sókè. Láti mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún, ó ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Koríko márùn-ún tí ìwà wọn bára mu kò tó koríko kan àti ẹ̀wà kan tí ìwà wọn yàtọ̀. Nítorí náà ẹ má fi kíka orúkọ koríko yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ wò ó bóyá ẹ ní koríko tó ga, èyí tó ń rá ilẹ̀, ẹbí ẹ̀wà kan ó kéré tán, àti ohun kan tó ń tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó wá kan yanrìn. Amọ̀ ni àká tí kábọ́ọ̀nù ń sá pamọ́ sí, yanrìn yín kò sì ní amọ̀ púpọ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní June ní etíkun ń ṣan ohun rere lọ sísàlẹ̀, oòrùn ń gbóná sí ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò. Nítorí náà ilẹ̀ yín kò ní dúdú bí ti àkùrọ̀ láéláé, ẹni tó bá ṣèlérí rẹ̀ fún yín ń tàn yín. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Pulọ́ọ̀tì Èkó kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, tí a bá gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, erùpẹ̀ rẹ̀ á tó nǹkan bí 300 tọ́ọ̀nù. Bí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ bá ti orí ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 0.5, gòkè dé 0.6 péré, kìlógíráàmù 300 lẹ fi kún un, bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà nínú éékà yín: àpò 36. Ojú kò ní rí i, erùpẹ̀ á ṣì jọ yanrìn, ṣùgbọ́n koríko á rí i, nítorí lórí yanrìn ni ìwọ̀n kékeré ọ̀rá ilẹ̀ ti ń wúlò jù. Òun nìkan ló lè di omi mú níbẹ̀. Gbòǹgbò àgbọn yín náà wà nínú ilẹ̀ òkè yẹn, àwọn olú tó ń bá gbòǹgbò ṣọ̀rẹ́ sì ń bá ti àgbọn ṣọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí ẹ bá ṣe fún koríko, àgbọn á jẹ nínú rẹ̀.

Ti títa kábọ́ọ̀nù fún òyìnbó: ọjà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á kọ ìwé, wọ́n á ṣọ́ ọ. Owó tí ìyẹn ń jẹ lórí éékà kan ju ohun tó máa mú wọlé lọ. Tí ẹnì kan bá wá bá yín pé kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó jẹ èrè kábọ́ọ̀nù, ìyá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn kí ó máa lọ. Èrè tiyín wà lára àgùntàn àti àgbọn.

Yúríà lọ́dọọdún ni èmi gan-an ń bẹ̀rù jù nínú ìmọ̀ràn yẹn. Ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Park Grass, tí wọ́n ti ń da oríṣiríṣi ajílẹ̀ sí láti 1856 títí di òní. Níbi tí ajílẹ̀ náítírójìn tó ń sọ ilẹ̀ di kíkan ti ń wọlé lọ́dọọdún láìsí ẹfun tó ń pa kíkan rẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko ti kú lọ, ìwọ̀nba koríko díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ẹbí ẹ̀wà ló máa ń kọ́kọ́ sá, nítorí tí náítírójìn ọ̀fẹ́ bá ti wà, koríko gíga á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ajílẹ̀ náítírójìn ni yúríà, òun náà ń sọ ilẹ̀ di kíkan, yanrìn kò sì ní ohun tó lè fi dènà rẹ̀. Ẹ óò máa rà á lọ́dọọdún, òjò á máa ṣan án lọ sínú kànga yín.

Mo ní ìdí mìíràn tí mo fi ń sọ èyí gidigidi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wà lára àwọn tó ní kí àgbẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú fín oògùn pa gbogbo koríko rẹ̀ kó tó gbin tuntun. Òjò dá, irúgbìn kò hù dáadáa. Koríko ẹ̀kan ló gba ilẹ̀ náà, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́, tí iná kò lè pa, tí ẹran kì í jẹ lẹ́yìn tó bá ti gbó. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà fi bá a jà. Mi ò gbàgbé ojú rẹ̀.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá nìkan ni kí ẹ lé, ẹ fi ọkọ́ hú wọn kí wọ́n tó so. Ti Akíntọ́lá, àgùntàn kì í jẹ ẹ́, ó sì ń ṣíji bo ohun tó wúlò. Ẹ má dáná sun ún. Lẹ́yìn òjò kejì tàbí ẹ̀kẹta tó dúró dáadáa, ẹ fi ọkọ́ la poro fẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín koríko, kí ẹ gbin stylo tàbí centro sínú rẹ̀. Irúgbìn centro le lára. Ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ jẹ́ kó sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ Brachiaria náà, ẹ gbìn ín sí ojú tó pá, kó di ọ̀kan nínú wọn. Ẹ gbin òtìlì ní ìlà kan tàbí méjì, kí ẹ sì ri igi agunmániyè mọ́lẹ̀ yí ọgbà ká, yóò hù. Ní Sri Lanka, sáàárín igi àgbọn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín sí. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, láti àwọn ọdún 1970 lọ ni wọ́n ti ń dán irú igi bẹ́ẹ̀ wò ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ìlà ìlà láàárín ohun ọ̀gbìn. Tí ẹ bá gé ewé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó fún àgùntàn, wọ́n á gbà á dáadáa. Bí ẹ bá sì ń gé e déédéé, kò ní wọ́wé tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun kan wà nínú ìbéèrè yín tí ẹ̀yin kò béèrè. Àgùntàn mọ́kànlá lórí éékà kan pọ̀, pàápàá lábẹ́ òjìji àgbọn. Bí wọ́n bá ń jẹ̀ káàkiri láti àárọ̀ títí di alẹ́, èyí tó dùn ni wọ́n á máa jẹ lọ́jọ́ gbogbo, ẹbí ẹ̀wà ló sì máa ń dùn jù. Koríko tí a ń jẹ mọ́ ilẹ̀ nígbà gbogbo, gbòǹgbò rẹ̀ ń kúrú pẹ̀lú. Gbogbo oríṣiríṣi tí ẹ bá gbìn á lọ láàárín ọdún kan. Ẹ fi igi àti okùn pín ilẹ̀ náà sí mẹ́rin. Kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan ní apá kan, kí apá mẹ́ta yòókù máa sinmi; nínú ẹ̀ẹ̀rùn ẹ jẹ́ kí ìsinmi gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ so wọ́n mọ́lé kí ẹ fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ti sá gbẹ àti ewé agunmániyè. Bí ẹ bá lè ta mẹ́ta nínú wọn nígbà Iléyá, ẹ tà á. Ìgbẹ́ àgùntàn tó wà ní ibùsùn wọn, ẹ máa gbé e padà sórí ilẹ̀, ẹ máa kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí apá tó pá jù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ bu erùpẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ yí éékà náà ká, ẹ gbẹ́ ojú mẹ́wàá dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, ẹ sá a níbi tí oòrùn kò dé, ẹ gbé ẹ̀kún agolo mílíìkì kan lọ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ ní yunifásítì, kí wọ́n bá yín wọn kábọ́ọ̀nù àti bóyá ó kan. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sára ìwé èsì rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní oṣù yẹn kan náà, ẹ tún un ṣe ní ojú ibẹ̀. Kí ọdún márùn-ún tó pé, gbòǹgbò patanmọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ yanrìn tó wà ní ìdí koríko ni kí ẹ máa wò. Tí ẹ bá hú patanmọ́ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ tí kókó rẹ̀ kò pọ́n rárá, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó ra irúgbìn centro, nítorí ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ yẹn ti kan ju bí mo ṣe rò lọ, eérú ààrò yín ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.